Owó nọ́ọ̀sì mi ni àbí físà rẹ̀?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Alákòóso, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Ọmọ ọdún 23 ni mí, Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti ń ránṣọ. Ìyá mi ń ta iṣu l'Ọ́jà Ọba ní Adó. Ọdún mẹ́ta ni mo fi dá àjọ kí n lè lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ti gbà mí báyìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí n sanwó.

Àfẹ́sọ́nà mi náà ti rí ilé-ẹ̀kọ́ gbà n'Ílùú Ọba, máásítà ọlọ́dún kan. Ó ní kí n fi owó mi kún tòun, kó wà nínú àkáǹtì òun fún ọjọ́ 28 tí àwọn onífísà ń béèrè, òun á sì dá a padà. Ó ní ká tètè ṣègbéyàwó, kí n wá bá òun lọ́hùn-ún. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Nígbà tí ibà dá mi gúnlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, òun ló ń fọṣọ mi. Ṣùgbọ́n mo ti ka kàlẹ́ńdà ara ògiri ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́ẹ̀mẹrin, ọjọ́ náà ò bá ara wọn mu.

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣé ó mọ ọjọ́ tí o fẹ́ sanwó? Tó bá mọ̀, tó tún béèrè, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n Leeds: Àbúrò, láti oṣù kìíní ọdún 2024, ẹni tó bá wá ka máásítà oníkíláàsì níbí kò lè mú ìyàwó dání mọ́. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí, bíi PhD, ló ṣì lè ṣe é. Ó lè má mọ̀ o. Bi í.

Ọmọ Ọ̀yẹ́: Ẹ má tíì pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Èmi náà wá owó físà rí, ojú mi rí màbo. Àwọn ẹbí rẹ̀ ńkọ́?

Ẹni tó béèrè: Mo bi í lálẹ́ àná. Kò mọ̀ nípa òfin yẹn lóòótọ́. Ó dákẹ́ títí, ó ní kí n lọ san owó mi, pé òun á bá bàbá òun sọ ọ́ lóko kòkó. Láti àárọ̀, kò tíì pè mí. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé: Tètè lọ sí báńkì lọ́la, ọmọ mi. Lẹ́yìn náà, kí ìwọ pè é.