Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá NNS Thunder pàdé rí, ẹ wá sọ tiyín

Ẹ̀yin ará, mo rí i tẹ́ ẹ ń bú Thunder, ọkọ̀ ogun ojú omi Nàìjíríà yìí, pé àlòkù ni, mo ní kí n dá sí i torí inú ẹ̀ńjìn rúùmù ẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́. Tòkunbọ̀ ni lóòótọ́. 1968 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà, Chase lorúkọ ẹ̀ nígbà yẹn, ó dé ogun Vietnam, wọ́n lò ó títí di 2011 kí wọ́n tó fà á lé wa lọ́wọ́ ní California, January 2012 ló wọ Èkó. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún wa o, oúnjẹ ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ẹ̀ńjìn dísù méjì, tọ́báìnì méjì. Dísù la fi ń rìn jẹ́jẹ́, tá a bá fẹ́ sáré lé èèyàn ni tọ́báìnì ń wọlé, àwọn méjèèjì kì í jọ yí ọ̀pá kan náà tó ń yí abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀ pọ̀. Ìdílé ẹ̀ńjìn báàlù Boeing 707 àtijọ́ ni tọ́báìnì yẹn ti wá, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hu, o ò ní gbọ́ ohun tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ ń sọ, epo tó ń mu ńkọ́, ẹ má wulẹ̀ bèèrè. Páàtì ẹ̀ńjìn míì sì rèé, ká máa retí ẹ̀ kó ti òkè òkun dé, oṣù á gorí oṣù.

Èyí tí mo máa ń rántí jù ni ọ̀dà ara ẹ̀. Tá a bá ń ha ibi tó ti dógùn-ún, ọ̀dà eérú tiwa á kọ́kọ́ bọ́, funfun á yọ lábẹ́ ẹ̀, tó bá wá jẹ́ apá iwájú níbi tí ìlà àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun wà, pupa ni wàá bá níbẹ̀.

---

Bọ̀ọ́dá, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Sydney lèmi ti rí i ní October 2013, nígbà tí Australia ń ṣayẹyẹ 100 ọdún tí ọkọ̀ ogun tiwọn kọ́kọ́ wọ̀lú. Èmi àtàwọn ọmọ dúró létí omi, ọkọ̀ ogun oríṣiríṣi tò lọ rẹrẹẹrẹ, ni mo bá rí F90, nọ́ńbà Thunder, lára ọ̀kan, mo pariwo débi pé ojú ti àwọn ọmọ mi. Bàbá òyìnbó kan tó dúró tì wá ní òun mọ ọkọ̀ yẹn, pé símíńnì méjì tí èéfín ń gbà jáde, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yẹn, ti Amẹ́ríkà ni. Ṣé ẹ rí i, kíkùn tá a kùn ún ò tàn án jẹ.

---

Okpabana lèmi wọ̀ ní tèmi, Gallatin ni tẹ́lẹ̀, 2014 ni wọ́n fún wa, ọmọ ìyá Thunder ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé kí wọ́n kó wọn dànù, ṣé ẹ ti wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré lọ sójú òkun lásìkò ìjì rí? Mo ti bì títí ìfun fẹ́ tẹ̀ lé e. Okpabana gùn tó mítà 115, ìgbì á lù ú, ìwọ á sì rọra máa jẹun ẹ. Tó bá di òkun jíjìn, àgbà ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ fún mi, ẹni tó bá fẹ́ kó máa bú mi.