Àwòrán mi lábẹ́ òkun ń di búlúù, mo sì ti ṣẹ́ iyùn

Ẹ̀yin àgbà òmùwẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá.

Láti ìgbà tí mo ti gba ìwé-ẹ̀rí tó fàyè gbà mí láti mòòkùn dé mítà 18, àwòrán òkìtì iyùn abẹ́ òkun (coral reef) ló gba gbogbo ọkàn mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti kọjá mítà 10, gbogbo rẹ̀ á di búlúù. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹja kan, ó pọ́n bí epo. Nínú àwòrán tí mo yà láìtan tọ́ọ̀ṣì, ó dà bí eérú.

Mo mọ̀ pé àwọ̀ pupa ni omi kọ́kọ́ ń gbé mì, ni mo ṣe so fláàṣì mọ́ kámẹ́rà. Wàhálà mìíràn tún dé: ìdọ̀tí wíńníwínní inú omi ń tàn funfun bí ẹni da iyọ̀ sí àwòrán. Ṣé kí n gbé fláàṣì jìnnà sí ojú kámẹ́rà ni, àbí kí n túbọ̀ sún mọ́ ẹja?

Èyí tó dùn mí jù nìyí. Níbi tí mo ti tẹjú mọ́ kámẹ́rà, lẹbẹ ẹsẹ̀ mi, ìyẹn bàtà pẹlẹbẹ tí a fi ń wẹ̀, gbá ẹ̀ka iyùn kan, ó kán. Mo gbọ́ bó ṣe dún. Ohun ẹlẹ́mìí ni iyùn, òmíràn kì í sì dàgbà ju sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì lọ lọ́dún. Ọkàn mi kò tíì balẹ̀.

Báwo lẹ ṣe ń léfòó sójú kan tí kámẹ́rà bá wà lọ́wọ́ yín? Ṣé kí n kọ́kọ́ fi kámẹ́rà sílẹ̀ nílé títí líléfòó náà á fi mọ́ mi lára? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.