Níbo ni ó yẹ kí oníṣirò owó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ ìṣirò owó, mo kí yín o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ mi ni, mo sì ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ACCA, ẹgbẹ́ tó ń fún àwọn oníṣirò owó ní ìwé ẹ̀rí. Ilé-iṣẹ́ méjì ló fẹ́ gbà mí: ọ̀kan jẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń yẹ ìwé owó àwọn ẹlòmíràn wò, èkejì sì jẹ́ ilé-iṣẹ́ kékeré tó jẹ́ pé èmi àti ọ̀gá kan ṣoṣo ni a ó jọ máa bójú tó gbogbo ìwé owó ibẹ̀. Owó oṣù wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé mo mọ debit àti credit, ìyẹn apá òsì àti apá ọ̀tún tí a ń kọ owó sí, bí ìwé ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì fọwọ́ ara mi ṣe ìṣirò owó oṣù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rí. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn kìíní

Àbúrò, o kú oríire. Ilé-iṣẹ́ kékeré ni mo fara mọ́, bí ọ̀gá ibẹ̀ bá gbọ́ṣẹ́ tó sì ní sùúrù láti kọ́ni. Ìwọ ni wàá gba rìsíìtì, ìwọ ni wàá kọ ọ́ sílẹ̀, ìwọ náà ni wàá sì rí ibi tó já sí nígbà tí ọdún bá parí. Ìṣirò alápá méjì, níbi tí a ti ń kọ owó kọ̀ọ̀kan sí debit àti credit, tí Luca Pacioli ṣàlàyé nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní Venice lọ́dún 1494 ni a ṣì ń lò, àmọ́ ìgbà tí ènìyàn bá ń wá àṣìṣe kiri ló máa ń yé e dáadáa. Ká ní apá méjèèjì trial balance, ìyẹn ìwé tí a ti ń ro gbogbo debit àti gbogbo credit pọ̀, kò dọ́gba, tí ọ̀kan sì fi 270 ju èkejì lọ. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ á kọ́kọ́ fi 9 pín in. Bí kò bá ṣẹ́kù, á fura pé ẹnì kan ti gbé nọ́ńbà kọjá ara wọn, bóyá ó kọ 580 dípò 850. Bí kò bá rí i níbẹ̀, á pín in sí méjì, á sì máa wá 135, nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kọ 135 sí apá tí kò yẹ ẹ́. Kí o sì mọ̀ pé apá méjèèjì lè dọ́gba kí ìwé má tọ̀nà síbẹ̀, torí owó tí a kò kọ rárá kò ní ba ìdọ́gba náà jẹ́.

Ìdáhùn kejì

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó yẹ kó ṣáájú. ACCA ń béèrè ìrírí iṣẹ́ oṣù 36 ní àfikún sí ìdánwò, oníṣirò owó tó ti gba ìwé ẹ̀rí ló sì gbọ́dọ̀ bu ọwọ́ lu ohun tí o bá ṣe. Béèrè bóyá ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kékeré yẹn wà lára irú wọn. Ní ti ilé-iṣẹ́ ńlá, wàá rí ìwé oríṣiríṣi okòwò, èyí tó dára púpọ̀, àmọ́ béèrè bóyá wọn yóò máa pààrọ̀ iṣẹ́ rẹ, kí o má baà lo ọdún kan gbáko lórí kíka ọjà inú ilé ìkẹ́rù.

Ìdáhùn kẹta

Ibi yòówù kí o lọ, wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ìparí ọdún. Bí wọ́n bá ní kí o kọ ọjà tó jáde ní ọjọ́ kẹta oṣù kìíní sínú oṣù kejìlá, kí èrè ọdún náà lè pọ̀ sí i, má ṣe é. Ní WorldCom, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ńlá kan ní Amẹ́ríkà tí àṣírí rẹ̀ tú lọ́dún 2002, ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kọ owó tí wọ́n ná lórí lílo ọ̀nà tẹlifóònù àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ bí ẹni pé dúkìá ni, kí èrè wọn lè dà bíi pé ó pọ̀. Kì í ṣe àwọn ọ̀gá nìkan ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi; àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìṣirò tí wọ́n tẹ̀ lé àṣẹ náà jẹ̀bi pẹ̀lú. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé ọkàn wọn kò balẹ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí àṣẹ kan bá rú ọ lójú, béèrè ìwé tó ti í lẹ́yìn kí o tó kọ ohunkóhun.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kékeré náà láti béèrè bóyá òun lè bu ọwọ́ lu ìrírí mi. Bí ó bá lè ṣe é, ibẹ̀ ni màá lọ.