Kí ni a ó máa pe atọpasẹ̀ tí wọ́n mọ mọ́ ara kọ̀ǹpútà?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè,

Ọ̀kan nínú wa dábàá pé "amí" ni kí a máa pe sọ́fítíwíà tí wọ́n ti fi sínú ara kọ̀ǹpútà kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á, tí ó sì ń ròyìn ibi tí ẹ̀rọ náà wà. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, àmọ́ kò bá a mu. Amí ni ẹni tí a rán wá láti ìta, tí yóò yọ́ wọlé, tí yóò sì padà lọ jíṣẹ́, bí àwọn méjì tí Jóṣúà rán lọ sí Jẹ́ríkò. Èyí tí à ń sọ yìí kò yọ́ wọ ibì kankan. Ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ni wọ́n ti mọ ọ́n mọ́ ògiri.

Mo ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ kan ní Wuse 2, níhìn-ín ní Àbújá. Kò pẹ́ tí ìkìlọ̀ kan fi yọ lójú rẹ̀ pé ilé iṣẹ́ kan lókè òkun ló ni ín. Ọmọ Háúsá tó ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe pààrọ̀ hard disk, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, ó fi Windows tuntun sí i, síbẹ̀ bí a ṣe so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì báyìí ni ìkìlọ̀ náà tún dé. Ó ṣí BIOS, ìyẹn ètò tó wà lára pátákó kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, tó máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bí a bá tàn án, ó fi ìka tọ́ ìlà kan, ó ní, "Yana cikin jikinta": inú ara rẹ̀ ló wà. (Nítorí olè ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀, n kò sì bínú sí i, ẹni tó tà á fún mi ni mo bínú sí.)

Gbólóhùn yẹn ni mo fi dábàá "atọpasẹ̀ àdámọ́". Superfish, sọ́fítíwíà ìpolówó ọjà tí ilé iṣẹ́ Lenovo fi sínú àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀ kan, tí ariwo rẹ̀ ta ní 2015, kò yẹ ní àdámọ́, nítorí orí hard disk ló wà, a sì lè nù ún kúrò. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí Intel fi sára Pentium III, ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe, ní 1999, tí ariwo àwọn ènìyàn kò jẹ́ kí ó dé ara Pentium 4, jẹ́ àdámọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe atọpasẹ̀. Ilà ojú ni. Ilà kì í sọ̀rọ̀; ẹni tó mọ ilà ló ń wí pé ọmọ Ọ̀yọ́ rèé.

Ẹlòmíràn fẹ́ kí a pe Management Engine, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, tí Intel ń fi sínú ẹ̀rọ rẹ̀ láti nǹkan bí 2008 ní "olófòófó". Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ó ti dájọ́ ṣáájú ẹ̀rí. Ẹ̀sùn tó wà nílẹ̀ ni pé ó lè máa ṣiṣẹ́ nígbà tí a ti pa kọ̀ǹpútà tí iná ṣì ń wọ̀ ọ́, àti pé onílé kò lè wo inú rẹ̀ kó rí ohun tó ń ṣe. Yàrá tí onílé kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìyẹn. A kò tíì ká òfófó mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó wá ku ẹ̀tọ́ tí abala 37 òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ń dáàbò bò, èyí tí òyìnbó ń pè ní privacy, tí àwọn kan nínú wa ń pè ní "àṣírí". Àwọn Háúsá náà ní asiri, wọ́n sì ń pe iṣẹ́ amí ní leken asiri, ṣùgbọ́n lẹ́nu tiwa, bí àṣírí bá tú, ìtìjú dé. Ẹni tí kò fẹ́ kí a mọ ibi tí òun gbé kọ̀ǹpútà òun lọ kò ṣe ohun ìtìjú kankan. "Ìdáwà" sún mọ́ ọn, àmọ́ ó jọ ti ẹni tí kò ní ará. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá.