Ìwé Àkọsílẹ̀ Ọmọ Ológbò Tí Ó Yí Ọwọ́ Ìkọ̀wé Ọmọ Mi Padà

Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ẹni ọdún 14 nígbà tí ó gbé ọmọ ológbò kan wọlé, èyí tí ìyá rẹ̀ ti kú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ní àkókò náà, ìṣirò àti àròkọ ni iṣẹ́ méjì tí ó máa ń sá fún jù lọ. Bí mo bá ní kí ó jókòó tì wọ́n, ojú rẹ̀ a fà ro, inú èmi náà a sì bàjẹ́. N kò gba ọmọ ológbò náà nítorí ẹ̀kọ́ kankan. Mo gbà á nítorí pé ó ń gbọ̀n, ebi sì ń pa á, mo sì gbà gbọ́ títí di òní pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni mú ẹ̀dá abẹ̀mí wọlé kìkì kí ó lè di ohun èlò ìkọ́ni.

Dókítà ẹranko tí a gbé e lọ bá ya ẹnu rẹ̀ wò. Ó rí i pé eyín iwájú kéékèèké ti ń yọ ṣùgbọ́n àwọn tó ṣóńṣó ní ẹ̀gbẹ́ wọn kò tíì jáde, ó sì fojú bù ú pé yóò ti tó ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ fún un ní wàrà màlúù, nítorí pé ikùn rẹ̀ kò lè da ṣúgà inú wàrà náà dáadáa, ìgbẹ́ gbuuru ni yóò sì tẹ̀lé e; wàrà gbígbẹ tí a ṣe fún ọmọ ológbò ni kí a máa pò mọ́ omi fún un. Ó ní kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ móoru kí a tó fún un ní oúnjẹ, kí ó dùbúlẹ̀ lórí ikùn bí ó bá ń mu ún, kí wàrà má baà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, àti pé kí a máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ ní wákàtí kan náà, nítorí ó yẹ kí ó máa fi gíráàmù 10 sí 15 sí i lójúmọ́.

Ibi òṣùwọ̀n yìí gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, ọmọ mi gbé e sínú abọ́, ó gbé abọ́ ka òṣùwọ̀n, ó sì kọ 522 sílẹ̀. Mo bi í léèrè bóyá ọmọ ológbò nìkan ni ó wà lórí òṣùwọ̀n. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wọn abọ́ lásán, ó rí 212, ó yọ ọ́ kúrò, ó sì rí 310. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń kọ ìlà mẹ́ta dípò ẹyọ kan, n kò sì ní láti rán an létí mọ́.

Dókítà ti sọ fún wa pé kí wàrà tí yóò máa mu lẹ́ẹ̀kan má ju mìlílítà 4 lọ fún gíráàmù 100 ara rẹ̀. Ọmọ mi ṣe é, ó rí 12.4, ó sì béèrè ohun tí òun yóò ṣe sí 0.4 náà, nítorí kò rí i lójú sírínjì. Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n ti kọ́ ọ bí a ṣe ń sọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ di odindi, ṣùgbọ́n kò tíì bá ìdí kankan pàdé tí a fi ń ṣe é. Ó ronú pé bí ikùn bá kún jù, wàrà lè padà wá sí ọ̀fun, ó sì sọ ọ́ di 12. Nígbà tó sì di 12.84 ní ọjọ́ kejì, tí ìlànà tó kọ́ sọ pé kí ó di 13, ó ṣì kọ 12, ó sì kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.

Ọ̀rọ̀ kíkọ ṣòro ju iye lọ. Lójoojúmọ́ ni ó ń kọ pé, “Ó wà dáadáa.” Mo bi í pé, “Kí ni o rí tí o fi mọ̀ bẹ́ẹ̀?” Ó bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó padà kọ pé: “Ó mu mìlílítà 12. Ó sùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìgbẹ́ rẹ̀ kò ṣàn.” Mo ní kí ó ṣí òpó méjì sínú ìwé náà, ọ̀kan fún ohun tí ó fojú rí, èkejì fún ohun tí ó rò. Fún mi, òpó méjì yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìṣirò tí mo sọ lókè lọ.

Ìwọ̀n ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ 310, 321, 333 àti 345. Ọjọ́ karùn-ún fi 346 hàn, ọjọ́ kẹfà sì bọ́ sí 341. Mo ní gíráàmù 5 kò tó nǹkan. Ọmọ mi kò gbà. Ó pín 5 sí 346, ó rí i pé ó lé ní ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì sọ pé bí ẹni tó wọn kìlógíráàmù 60 bá pàdánù ìdá kan náà ní ọjọ́ kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 870. Ó ti ń bá ìdá ọgọ́rùn-ún jà fún ọdún méjì, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì lọ fà á yọ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ó ti ṣe àìbìkítà níbì kan, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ètè mi. Ó ṣí ìwé, ó sì ń fi ìka tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan. “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibí yìí.” Ìkọ̀wé mi ni. Èmi ni mo ń bójú tó oúnjẹ òru; ní òru kẹrin ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í po ti ẹ̀ẹ̀mejì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí n lè sùn díẹ̀. Gbogbo ìlà tirẹ̀ ka ṣíbí wàrà gbígbẹ 1 sí ṣíbí omi 2. Tèmi ka 1 sí 4: mo ti sọ omi di ìlọ́po méjì, mo gbàgbé wàrà. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ fún ohun tí mo fẹ́ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì gbọ́ ọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí a ti tún un ṣe, 352 ni òṣùwọ̀n kà.

Lẹ́yìn èyí ó kọ ìròyìn kan fún dókítà. Àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ ojú ewé méjì, ọ̀nà tí ó gbà rí ológbò náà ni ó sì gba ìdajì rẹ̀. Mo ní kí ó ronú nípa ohun tí dókítà nílò láti mọ̀ nínú ìṣẹ́jú kan. Ó dín in kù sí ìpínrọ̀ mẹ́ta.

Nígbà tí a padà lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ọmọ ológbò náà ti wọn gíráàmù 790. Dókítà béèrè ìwé náà, ó ń ṣí i díẹ̀díẹ̀, ó sì dúró síbi tí ìlà àwòrán ìwọ̀n náà ti wálẹ̀. Ó bi ọmọ mi ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Mo ti ya ẹnu láti dáhùn, ṣùgbọ́n ó ṣáájú mi. “Omi tí a pò mọ́ wàrà ni ó pọ̀ jù, mà,” ni ó wí. “A ti tún un ṣe.”