Iṣẹ́ ni ajá wa ń ṣe, a pè é ní ìfẹ́

Ìyá Ìkókó, Òkè-Fíà

Ẹ kú dédé àsìkò yìí o. Ó ti pẹ́ tí ìtàn yìí ti wà níkùn mi, ojú ni kò jẹ́ n sọ ọ́.

Nígbà tí àwọn olè fo ògiri ilé kejì sí wa, ọkọ mi gba Ìbàdàn lọ, ó gbé ajá Jámánì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Alsatian, wá sílé. Abo ni. Màámi, ìyá ọkọ mi, ló sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Wọ́n ní ajá tí kò bá jẹ́ orúkọ òwe, ajá òyìnbó lásán ni.

Ó ti lé lọ́dún méjì lọ́dọ̀ wa kí n tó bímọ. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò sí wàhálà kankan. Á gbóòórùn ẹsẹ̀ ọmọ, á lọ sùn sẹ́nu ọ̀nà. Tí ọmọ bá ké lóru, ajá ló ń kọ́kọ́ dìde. Mo wá ń fi yangàn kiri Ọjà Ọba pé èmi ò wá ọmọ ọ̀dọ̀ mọ́.

Àfi ìgbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rákò.

Á tẹjú mọ́ ọmọ, á sọ orí kalẹ̀, ara rẹ̀ á le gbagidi, kò ní ṣẹ́jú. Bí ọmọ bá ti kúrò lórí ẹní báyìí, Tanímọ̀la á yí i po, á bọ́ síwájú rẹ̀, á fi àyà dí i lọ́nà. Ọmọ á yà sọ́tùn-ún, ajá á yà sọ́tùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni wọn á ṣe títí ọmọ á fi padà sórí ẹní. Ẹ̀rín pa mí. Mo yà á ní fídíò, ọkọ mi fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, wọ́n ń kan sáárá sí ajá tó ń tọ́mọ. Màámi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ojú tí nǹkan yìí fi ń wo ọmọ wa, ojú ológbò tó rí eku ni." Mo rò pé ẹ̀rù ajá ló ń bà wọ́n.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ajá ń sùn, ọmọ rá dé ìdí rẹ̀, ó fa ìrù rẹ̀. Tanímọ̀la kùn. Ọkọ mi bọ́ sílípáàsì, ó fi gbá a lẹ́nu. Nígbà tó tún kùn lọ́jọ́ kejì, ó tún jẹ sílípáàsì. Lóòótọ́, kò kùn mọ́. A ní ó ti gbọ́n.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, kò kùn, kò gbó. Ó kàn yíjú padà, eyín rẹ̀ sì kan ọwọ́ ọmọ. Ara ò bẹ́ o, àmì pupa méjì péré ló hàn. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ìgbà tí mo ju ìgbálẹ̀ ọwọ́ mi nù.

Ọkọ mi ní òun máa tà á kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Èmi ni mo ní ká kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran tó ń fún un lábẹ́rẹ́. Ìyá dókítà náà wo fídíò tí mo fi ń yangàn, ó tún un wò, ó ní, "Iṣẹ́ ló ń ṣe níbí o. Kì í ṣe ìfẹ́, kì í ṣe ìkórìíra."

Ó ní láti ọdún 1899 tí ológun Jámánì kan, Max von Stephanitz, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ irú ajá yìí sílẹ̀, ajá darandaran ni wọ́n fẹ́. Oko àwọn èèyàn ibẹ̀ kò lọ́gbà, pápá àgùntàn ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ajá lá máa rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́nu ààlà látàárọ̀ dalẹ́, kí àgùntàn má bàa wọ inú ọkà olóko. Ajá fúnra rẹ̀ ni ọgbà. Ibi ìṣọdẹ ni ajá ti mú iṣẹ́ ọ̀hún wá: kó tẹjú mọ́ ẹran, kó lùgọ, kó lé e, kó gbá a mú, kó pa á. Àwọn tó ń sìn ín yan èyí tó mọ̀ ọ́n wò, tó mọ̀ ọ́n lé, wọ́n sì fi èyí tó ń pa sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àgùntàn tó bá ṣorí kunkun, ajá á fi eyín há a.

Ẹní ọmọ mi ni pápá. Ẹ ti mọ ẹni tí àgùntàn jẹ́.

Ó dá fídíò dúró, ó ń fi ìka tọ́ka: ajá ń lá ètè láìjẹun, ó ń yán, funfun ojú rẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní gbogbo ìyẹn, ara ò rọ̀ ọ́ ni. Mo ti rí yíyán yẹn ṣáá, mo pè é ní oorun! Ìgbà tó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ sílípáàsì, ó wo ọkọ mi: "Ẹ yọ fèrè ara mọ́tò, ẹ wá ń bínú pé kò fun fèrè kó tó kọlù yín."

Ọmọ Ọdẹ, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ìyá Ìkókó, ẹ kú orí ire. Ajá ilẹ̀ wa mẹ́rin ni bàbá mi fi ń ṣọdẹ, mi ò rí èyí tó yí ọmọdé po rí. Tiwọn ni kí wọ́n lé e, kí wọ́n gbá a mú, ọ̀yà ni wọ́n sì mọ̀. Tí ọmọ bá dé ìdí wọn, wọn á dìde, wọn á lọ sábẹ́ máńgòrò. Bàbá mi kì í na ajá tó bá kùn o. Ọmọ tó bá tẹ̀ lé e dé ìdí máńgòrò ni wọ́n ń nà. Èmi náà jẹ nínú ẹ̀.

Bàbá Adìẹ

Ẹ tà á. Ajá lajá ń jẹ́.

Ìyá Ìbejì, Àyétòrò

Bàbá Adìẹ, ẹ rọra. Tèmi bẹ́jẹ̀ ní tiẹ̀. Àwọn ìbejì ń sáré ká àgbàlá, wọ́n ń han gooro, ajá ẹ̀gbọ́n mi, Alsatian náà ni, ń sáré tẹ̀ lé wọn. A rò pé eré ni. Ló bá fi eyín gbá Kẹ́hìndé ní gìgísẹ̀. Ẹnì kan ní ká gé irun ajá náà, ká sun ún, ká fi sójú egbò. Mi ò dáhùn. Mo gbé ọmọ lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, bó ti ń ké tó. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ dé, wọn ò ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi nílẹ̀, àfi ìgbà tí a dé ìkejì. Ajá ọ̀hún ní káàdì àjẹsára, síbẹ̀ wọ́n ní ká so ó mọ́lẹ̀, ká máa wò ó fún ọjọ́ 10. Kò sóhun tó ṣe é. Ẹ má ṣe fi ìyẹn ṣeré o: tí àmì dìgbòlugi bá ti yọ lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ìyá Ìkókó, Òkè-Fíà

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá Adìẹ, a ò tà á.

Káfíńtà kan ìlẹ̀kùn pákó kékeré sí àárín pálọ̀ àti fáráńdà. Ajá ń rí wa, a ń rí i, kò sì sí ọ̀nà tí ọmọ lè gbà dé ìdí oúnjẹ rẹ̀ tàbí ibi tó ń sùn. Tí n bá fẹ́ ro àmàlà, mo gbé ọmọ pọ̀n. Èmi ò fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ láìsí àgbà níbẹ̀, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú kan. Ọkọ mi ń mú un rìn lọ sí ọ̀nà Sitédíọ̀mù láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, nítorí ajá darandaran tí kò ríṣẹ́ ṣe á wáṣẹ́ fúnra rẹ̀. Tí mo bá sì rí i tó ń tẹjú mọ́ ọmọ, mi ò dúró dìgbà tó máa lùgọ. Màá ti pe orúkọ rẹ̀, tó bá wá, màá fún un ní èérún pánla. Pánla mi ń tán o, ká má purọ́.

Ó tó oṣù méjì kó tó tún kùn. Àná ni. Ọmọ di ìlẹ̀kùn pákó mú, ó ń mì ín gbìgbì, ó ń pariwo. Tanímọ̀la kùn. Ọkọ mi na ọwọ́ sí sílípáàsì, ó dúró díẹ̀, ó wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀, ó lọ gbé ọmọ.