Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ọdún ìkẹyìn lórí Èkó 1861: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọ̀sán o. Ìmọ̀ ìtàn ni mò ń kà ní Yunifásítì Èkó, Akọka. Ọjà Balógun ni ìyá mi ti ń ta aṣọ, láti kékeré ni mo ti ń gba Ìdúǹgànràn, ààfin ọba Èkó, kọjá, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Ọba Dòsùnmú fi wọ̀ mí lọ́kàn: bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe gba Èkó lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1861. Olùkọ́ mi ní ó ti fẹ̀ jù. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni kí n ṣe dín in kù?

BàbáYábàá:
Olùkọ́ rẹ sọ òótọ́, àbúrò. Láti 1851 ni wàhálà náà ti wá, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, tí Akítóyè, bàbá Dòsùnmú, padà sórí oyè. Má kó gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìkan ni kí o dì mú: ta ló ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ kí ọba tó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ta ló sì ń fọwọ́ sí i lẹ́yìn náà? Ìyẹn nìkan tó iṣẹ́ odindi.

ÌyáÌbejìSúrùlérè:
Lọ sí Ìbàdàn! Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba wà nínú ọgbà yunifásítì ibẹ̀. Gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹ̀ka yín, mú pẹ́ńsùlù dání. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀ nígbà tèmi, kò tó mi rárá.

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó:
Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Ilẹ̀ ni màá dì mú. Ọjọ́ Ajé ni màá lọ bèèrè lẹ́tà náà.